Anẹ́mónì Ni Onílé: Bí Mo Ṣe Kó Anẹ́mónì Mẹ́ta àti Ẹja Pọ̀ Sínú Omi Iyọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Kí n tó ra ẹja kan ṣoṣo ni mo ti pinnu pé anẹ́mónì ni yóò jẹ́ onílé, pé ẹja ni yóò wá bá a gbé. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo mọ̀ tó ń sin ẹja òkun nínú ilé ló máa ń kọ́kọ́ ra ẹja aláràbarà, tí wọn á wá ju anẹ́mónì sáàárín wọn nígbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹranko ni anẹ́mónì, bó tilẹ̀ jọ òdòdó lójú. Ó ní ẹnu, ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ kan tó fi ń lẹ̀ mọ́ òkúta, ó sì ní ìka wẹ́wẹ́ tó yí ẹnu náà ká, tí oró wà nínú wọn. Bí ibi tí ẹ gbé e sí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á rìn kúrò níbẹ̀, ohun tó bá sì fara kàn lọ́nà, á ta á.

Èyí tí mo yàn ni wọ́n ń pè ní bubble-tip, Entacmaea quadricolor lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ló ti wá, kò sí ní etíkun tiwa. Orí ìka rẹ̀ máa ń wú rògòdò nígbà mìíràn, nígbà mìíràn á kàn gùn gbọọrọ, kò sì túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ kò yá. Ohun tó mú mi yàn án ni pé ó máa ń ya ara rẹ̀ sí méjì. Ẹyọ kan á fa ara rẹ̀ ya láàárín, á di méjì, àwọn méjèèjì á sì mọ ara wọn, wọn kì í ta ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ju ẹyọ kan lọ nínú omi kan, ibi tó yẹ kó tẹjú mọ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe kó oríṣiríṣi anẹ́mónì pọ̀ nítorí àwọ̀ wọn. Kódà bí wọn kò bá fara kanra, wọ́n máa ń tú nǹkan sínú omi láti fi lé ara wọn, èyí tí agbára rẹ̀ kò bá tó á sì máa súnkì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Mo ní kí ẹni tó ń tà á ní Èkó fún mi ní mẹ́ta tó ya láti ara ìyá kan náà, mo sì dúró títí ó fi ní in.

Omi ló gba ìrònú jù. Iyọ̀ ìsebẹ̀ kò ṣeé lò, nítorí òkun ní kálísíọ́ọ̀mù, magnésíọ́ọ̀mù àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn nínú. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹja òkun ni mo rà, bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan. Omi tí mo fi pò ó ńkọ́? Kànga wa ní Párákìn dára fún wíwẹ̀ àti fífọṣọ, ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n, àwọn nǹkan tó yòrò sínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí anẹ́mónì lè fara dà lọ. Mo lọ bá ẹni tó ń ṣe omi pure water ládùúgbò wa, mo ra omi tó ti gba inú ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá, mo tún fi asẹ́ resin sẹ́ ẹ nílé títí ẹ̀rọ TDS, tó ń wọn ohun tó yòrò sínú omi, fi ka òdo. Ìyá kan ládùúgbò rí mi bí mo ṣe ń ru kẹ́ẹ̀gì omi wọlé, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé omi Olókun lo fẹ́ dá sílẹ̀ níbí ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.” Ifẹ̀ jìnnà sí etíkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n Olókun kì í ṣe àlejò níbí. Igbó Olókun ṣì wà nínú ìlú, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àfọ́kù ìkòkò tí àwọn baba wa fi ń yọ́ gíláàsì, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀. Inú mi dùn pé gíláàsì náà ni mo fi gbé omi òkun tèmi ró.

Àpótí gíláàsì náà jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 50 ní fífẹ̀, 50 ní gíga. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 300, lítà omi kan sì wọ̀n ju kílò kan lọ bí iyọ̀ bá ti wọ̀ ọ́. Wẹ́dà tó jó irin ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹja ni ẹ ní ẹ fẹ́ gbé lé e, irin yìí mà pọ̀.” Nígbà tí mo ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ méjì kún un láàárín.

Lẹ́yìn náà, sùúrù. Àwọn bakitéríà kan ló ń sọ amóníà, tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ jíjẹrà wá, di nitrite, àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kún inú òkúta lọ́jọ́ kan. Amóníà àti nitrite gbọ́dọ̀ wà ní òdo kí ẹja tó wọlé. Ti anẹ́mónì tún ju ìyẹn lọ, omi gbọ́dọ̀ ti dàgbà, ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Èérí pupa rẹ́súrẹ́sú bo iyanrìn, ó lọ, ewé tútù wẹ́wẹ́ bo gíláàsì, mo kó ìgbín òkun sí i, wọ́n jẹ ẹ́ kúrò. Ẹja kéékèèké oníwà pẹ̀lẹ́ ni mo fi gbé inú rẹ̀ lásìkò yẹn: chromis díẹ̀ àti royal gramma kan.

Bí mo ṣe to òkúta yẹ kí n ṣàlàyé dáadáa. Òkìtì mẹ́ta ni mo ṣe, mo fi iyanrìn lásán sáàárín wọn, mo sì rí i dájú pé òkìtì kọ̀ọ̀kan ní ihò jíjìn kan lókè, nítorí bubble-tip máa ń fẹ́ fi ẹsẹ̀ pamọ́ sínú ihò, kó na orí síta síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ihò náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jókòó. Bí kò bá sí ihò, á máa rìn kiri títí á fi dé ibi pọ́ọ̀ǹpù. Pọ́ọ̀ǹpù ló ń pa anẹ́mónì jù nínú ilé. Ohun tó ń yí nínú rẹ̀ á fà á wọlé, á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, oró tó bá tú sínú omi sì lè pa gbogbo ẹja ibẹ̀ mọ́jú. Kí n tó lọ kó wọn ní Èkó, mo ti fi fóòmù bo ẹnu gbogbo pọ́ọ̀ǹpù tó wà níbẹ̀. Mo máa ń fọ fóòmù náà déédéé, torí bó bá dí, omi kò ní lọ bó ṣe yẹ.

Lọ́dọ̀ olùtajà, ẹsẹ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá ó ya. Mo wo ẹnu, bóyá ó là sílẹ̀ gbàgà. Mo wo àwọ̀: èyí tó funfun báláú ti pàdánù àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un. Inú kúlà ni wọ́n bá mi wá láti Èkó gba Ìbàdàn dé Ifẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀. Nílé, mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ kí omi àpótí máa kán sínú omi ọ̀rá wọn fún bíi wákàtí kan ààbọ̀, mo pa pọ́ọ̀ǹpù ìgbì, mo sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ẹnu ihò rẹ̀. Méjì jókòó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀kẹta rìn lọ sẹ́yìn òkúta, ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, n kò sì fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó wá ibi tó wù ú. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ ó kàn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ ya ni. Ìmọ́lẹ̀ fà á padà síwájú nígbà tó yá.

Ẹja clownfish ló wọlé kẹ́yìn, nítorí òun ló máa ń jà fún ilé jù. Amphiprion frenatus, aláwọ̀ tòmátì, ni mo mú, torí inú bubble-tip gan-an ló ń gbé nínú òkun. Èyí aláwọ̀ ọsàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kì í gbé inú rẹ̀ lókun, bó tilẹ̀ máa ń gbà á nínú ilé. Tọkọtaya kan ṣoṣo ni mo kó sí i, anẹ́mónì ì báà jẹ́ mẹ́ta. Bí tọkọtaya bá di méjì, ìjà ni. Akọ ni gbogbo wọn nígbà èwe. Èyí tó bá tóbi jù á di abo, bí abo bá kú, akọ tó kù á yí padà di abo. Abo tèmi gba anẹ́mónì tó tóbi jù. Wọ́n ń fẹ́ omi sí i lára, ìgbẹ́ wọn sì jẹ́ oúnjẹ fún àwọn ewé inú rẹ̀. N kò gba ẹṣin òkun láyè rárá, torí kò lè sá, oró á pa á. Bẹ́ẹ̀ ni butterflyfish, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bu anẹ́mónì jẹ.

Edé tútù tí kò ní iyọ̀ ni mo ń fún anẹ́mónì, tí kò ju èékánná lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Edé gbígbẹ Odò-Ògbè, inú ọbẹ̀ ni tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná àti ojú ọjọ́ kò ṣeé fojú kéré níbí. Bí iná bá lọ, afẹ́fẹ́ inú omi ló ń kọ́kọ́ tán, nítorí náà pọ́ọ̀ǹpù ìgbì nìkan ni mo so mọ́ inverter. Iná LED lè sinmi ọjọ́ kan láìsí ewu. Mo ń fẹ́ kí omi wà ní ìwọ̀n 25 sí 27 lórí Celsius. Lóṣù kẹta ọdún, fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi ló ń bá mi fa ooru sílẹ̀. Fáànù náà àti ọyẹ́ máa ń gbẹ omi, iyọ̀ kì í sì í bá omi gbẹ, nítorí náà omi tí kò ní iyọ̀ ni mo fi ń bù kún un láràárọ̀ títí dé ìlà tí mo fà sára gíláàsì. Refractometer, ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó, gbọ́dọ̀ ka 1.025 tàbí 1.026.

Bí ẹja bá ṣàìsàn, inú garawa ọ̀tọ̀ ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀. Oògùn tó ní kọ́pà kò gbọ́dọ̀ kan omi anẹ́mónì láé.

Ọ̀kan ti ya sí méjì báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Iléṣà ti ní omi tó dàgbà tó, òun ni mo sì fẹ́ fún ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tí ẹnu tó ya bá ti san tán tó sì ti ń jẹun. Òkúta kékeré tó jókòó lé ni màá gbé fún un, kí n má baà ní í fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n fi fóòmù bo pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ kó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n tó gbéra.