Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ètò ìpàdé ẹ̀kọ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì ìṣègùn ìdílé

Ní Nàìjíríà, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìdílé, ìyẹn rẹ́sídẹ́ǹtì, kì í jókòó sójú kan. Lónìí ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, tó bá yá ó ti bọ́ sí ẹ̀ka ìgbẹ̀bí, iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ọpọlọ tàbí ilé ìwòsàn ìgbèríko, kó tó padà sí GOPD, ìyẹn kílíníìkì gbogboogbò fún àwọn aláìsàn tí kò sùn sí ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí ìpàdé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fi jẹ ẹ́ lógún: ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń kọ́ káàkiri ti ń pàdé, tí àgbà nínú iṣẹ́ náà yóò sì bá a fi ojú dókítà ìdílé wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n ń kọ tímútébù gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti ń ba ìpàdé yìí jẹ́, kí olùkọ́ kankan tó la ẹnu.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ kọ àkókò ìpàdé sílẹ̀ láì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa rí aláìsàn lákòókò náà. Ẹ ní aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ni, àmọ́ àwọn aláìsàn ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́fà, iye káàdì tí wọ́n ń fún wọn lójoojúmọ́ náà ni wọ́n sì fún wọn. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́jọ ààbọ̀, nọ́ọ̀sì yóò ti máa pe àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì kò jẹ̀bi. Aláìsàn ló wà níwájú rẹ̀.

Ẹ má fi ìpàdé sí ọjọ́ Ajé, nítorí gbogbo ẹni tí àìsàn mú lópin ọ̀sẹ̀ ló ń dé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ sàn jù. Ẹ bá àwọn tó wà níbi káàdì sọ ọ́ kí wọ́n dín káàdì àárọ̀ ọjọ́ náà kù sí ìdajì, kí àwọn tó kàn fẹ́ wá gba oògùn wọn oṣooṣù máa wá lọ́sàn-án. Kọ́ńsọ́tàǹtì kan (àgbà dókítà tó ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́) àti dókítà méjì tí kì í ṣe rẹ́sídẹ́ǹtì ni kó dúró ní kílíníìkì, kí orúkọ wọn sì ti wà lára ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Tí iye dókítà yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ìpàdé wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò ní dí lọ́wọ́. Ó dára ju wákàtí méjì tí ìdajì àwọn èèyàn yóò fi wà lẹ́nu ọ̀nà lọ.

Àṣìṣe tó tún sún mọ́ èyí ni kí ẹ ní kí rẹ́sídẹ́ǹtì tó wà ní ẹ̀ka mìíràn lọ tọrọ àyè fúnra rẹ̀. Rẹ́sídẹ́ǹtì wo ló máa wo ojú kọ́ńsọ́tàǹtì iṣẹ́ abẹ láàárín wọ́ọ̀dù, kó ní òun ń lọ síbi ẹ̀kọ́? Olórí ẹ̀ka ni kó kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́, àti aago tí ẹni náà yóò padà. Àwọn tó wà ní ìgbèríko lè wọlé lórí Zoom, àmọ́ ẹ fi PDF ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí olùdarí ìpàdé sì máa dárúkọ wọn láti bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kàn wọlé ni, wọn ò ní kọ́ nǹkan kan. Ẹ má sì fi iṣẹ́ kíkọ́ni sọ́rùn ẹni tó fi òru ṣe iṣẹ́ call mọ́jú ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àkòrí. Tí ẹ bá jẹ́ kí olúkúlùkù mú èyí tó wù ú, ẹ ó gbọ́ nípa pheochromocytoma, àrùn tó ṣọ̀wọ́n gan-an, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn ríro. Ẹ ka igba káàdì tó tẹ̀léra ní kílíníìkì yín, kí ẹ kọ ohun tó gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan wá. Ẹ fi ohun tí ẹ rí wéra pẹ̀lú kàríkúlọ́ọ̀mù National Postgraduate Medical College of Nigeria àti ti West African College of Physicians, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì. Tí ẹ bá yọ àsìkò ìdánwò àti ọlidé kúrò, ọ̀sẹ̀ bí 40 ló máa kù lọ́dún. Ẹ fi 24 fún àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ibà, ikọ́ fée, fòníkúfọ̀ladìde. Ẹ fi mẹ́fà fún iṣẹ́ ọwọ́, mẹ́fà fún ohun tó jẹ́ ti ìṣègùn ìdílé gan-an, bíi yíya àwòrán tó ń fi ìbátan àti àìsàn inú ẹbí hàn, lílọ bẹ aláìsàn wò nílé, àti bí a ṣe ń sọ ìròyìn búburú fún mọ̀lẹ́bí. Ẹ jẹ́ kí mẹ́rin ṣófo fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì. Ẹ̀kọ́ ibà Lassa yẹ kó wáyé ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, kí ẹ̀ẹ̀rùn tí àrùn náà ń pọ̀ sí tó dé. West African College of Physicians máa ń ṣe ìdánwò ní oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá, nítorí náà àtúnyẹ̀wò ló yẹ kó wà ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀.

Ọgọ́ta sláìdì tí olùkọ́ ń kà bí ìwé ìròyìn kì í ṣe ẹ̀kọ́. Sláìdì 15 tó. Ẹ fi aláìsàn bẹ̀rẹ̀: obìnrin ẹni ọdún 54, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 168/102, owó ló mú kó dá oògùn dúró láti oṣù mẹ́ta. Kí lẹ máa kọ́kọ́ bi í? Owó àyẹ̀wò wo ni obìnrin náà lè san lónìí? Oògùn wo lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló sì máa padà wá? Ẹ pín wọn sí ẹni mẹ́rin-mẹ́rin fún ìṣẹ́jú 15 kí olùkọ́ tó dáhùn. Kí kọ́ńsọ́tàǹtì alábòójútó ti rí iṣẹ́ náà ní ọjọ́ méje ṣáájú. Alẹ́ tó ṣáájú ti pẹ́ jù láti tún nǹkan kan ṣe. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, bíi títẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá dúró, ẹnu kò tó. Ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àyà ère ìdánrawò ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, kò tíì mọ bí ó ti ń rẹni tó lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì.

Níbi ìpàdé tí ẹ ti ń yẹ ikú aláìsàn wò, ẹ má bèèrè ẹni tó ṣe é. Ẹ bèèrè ibi tí ètò ti já: ṣé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára ló pẹ́ kó tó dé ni, ṣé lẹ́tà ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka kejì? Tí ẹ bá dójú ti ẹnì kan níbẹ̀, àwọn yòókù yóò máa fi ti wọn pamọ́, aláìsàn mìíràn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Orúkọ àti nọ́ḿbà káàdì kò gbọ́dọ̀ hàn lórí sláìdì rárá, àgàgà èyí tó máa dé orí WhatsApp.

Àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ oògùn kò gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú kankan nínú àkókò ẹ̀kọ́, bó ti wù kí oúnjẹ tí wọ́n gbé wá dára tó.

Ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù pé àwọn wá kò lè sọ bóyá ẹ̀kọ́ wọlé. Ẹ bi ìbéèrè márùn-ún ṣáájú, kí ẹ tún bi irú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ọ̀pọ̀ bá kùnà, ẹ dá a padà sínú tímútébù. Gbogbo ìwé yìí kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà chief resident (olórí àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì) nìkan: ẹ fi í sí ibi tí ẹ̀ka ń pamọ́ nǹkan sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ń bọ̀ sì ti máa bá a ṣe é láti oṣù kan ṣáájú kó tó fipò sílẹ̀.