Ibi tí mọ́fíìnì ti ń mú ìfun: bí mo ṣe dán an wò lára gíní-pììgì

Mọ́fíìnì, oògùn apàrora, àti àwọn oògùn ẹbí rẹ̀ a máa dí ìgbẹ́ mọ́ ènìyàn àti ẹranko nínú. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdánwò yìí mọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ṣé iṣan ìfun gan-an ni oògùn náà ń sọ di aláìlágbára ni, àbí àwọn fọ́nrán ìmọ̀lára tó ń pàṣẹ fún iṣan náà?

Apá ìparí ìfun kékeré gíní-pììgì ni mo lò, nítorí pé tí a kò bá fi nǹkan kàn án, ó máa ń dákẹ́. Ìfun ehoro ń sún kì fúnra rẹ̀ láìdúró, èyí sì máa ń da ìwọ̀n rú. W. D. M. Paton ló fi hàn lọ́dún 1957 pé mọ́fíìnì ń dín ìsúnkì tí iná mànàmáná ń fà nínú ìfun yìí kù, tó sì ń dín acetylcholine (kẹ́míkà tí fọ́nrán fi ń pàṣẹ fún iṣan) tó ń tú jáde kù. Ìfun yìí kan náà, pẹ̀lú ọ̀nà àtọ̀ èkúté, ni John Hughes àti Hans Kosterlitz lò ní Aberdeen tí wọ́n fi dá enkephalin, ohun bíi mọ́fíìnì tí ara ń pèsè fúnra rẹ̀, mọ̀ lọ́dún 1975.

Omi Krebs, omi iyọ̀ tí kì í jẹ́ kí ìfun tí a yọ kú, ni mo kọ́kọ́ pò. Fún lítà kan: NaCl gíráàmù 6.9, KCl 0.35, MgSO₄·7H₂O 0.29, KH₂PO₄ 0.16, NaHCO₃ 2.1, glucose 2.0, àti CaCl₂ aláìlómi 0.28. CaCl₂ ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn 95% àti CO₂ 5% sínú omi náà fún ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ni mo rọra da CaCl₂ tí mo ti yọ́ lọ́tọ̀ sí i. Bí CaCl₂ bá ṣáájú afẹ́fẹ́, omi á ṣú, èérún funfun á sì jókòó sísàlẹ̀. Kálísíọ́mù tí iṣan fẹ́ fi sún kì ló di èérún yẹn. Omi tó bá ti ṣú, ẹ dà á nù.

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlò ẹranko gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, kí ẹni tó kọ́ ọ sì pa ẹranko náà lọ́nà tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ má fún un ní oògùn apàrora kankan ṣáájú, torí ó lè wà nínú ìfun títí dé orí ẹ̀rọ. Láti ẹnu cecum (àpò tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá), mo wọn sẹ̀ǹtímítà 10 mo sì gé e sọnù, nítorí apá ibẹ̀ kì í dáhùn bí ìyókù. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo mú. Mo fi páípẹ́ẹ̀tì da omi Krebs gba inú rẹ̀ kọjá títí ó fi mọ́. Ẹ má fi ìka fún ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde o: àwọn fọ́nrán tí a ń wá wà láàárín ìpele iṣan méjèèjì, ìka sì lè pa wọ́n lára.

Mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 2.5. Abẹ́rẹ́ àti òwú gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ara ìfun kọjá ní orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu rẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ kí omi sì máa wọlé. Òwú ìsàlẹ̀ lọ sí ìkọ́ tó wà láàárín electrode méjì (irin tó ń gbé iná wọlé), ti òkè lọ sí transducer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìsúnkì. Organ bath mi, ìyẹn báàtì tí ìfun wà nínú omi rẹ̀, gba mílílítà 20, ó wà ní 37°C. Gíráàmù 1 ni mo fi fà á, mo fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, mo sì ń pààrọ̀ omi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Iná ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ̀ẹ̀kan kò ju 0.5 mílísẹ́kọ́ńdì lọ. Àkókò kíkúrú yìí ṣe pàtàkì gan-an: fọ́nrán ìmọ̀lára ló ń tètè gbọ́ irú iná bẹ́ẹ̀, iṣan kì í gbọ́ ọ. Mo ń gbé fóltéèjì sókè títí ìsúnkì kò fi ga sí i mọ́, mo sì fi díẹ̀ lé e. Kí ẹ tó fi oògùn kankan sí i, ẹ jẹ́ kí ìsúnkì dọ́gba fún ìṣẹ́jú 30.

Kí mọ́fíìnì tó wọlé, mo pa iná, mo sì fi acetylcholine 0.3 µM sínú omi (mM, µM àti nM ni ìwọ̀n bí oògùn ṣe pọ̀ tó nínú omi: 1 mM jẹ́ 1000 µM, 1 µM jẹ́ 1000 nM). Iṣan sún kì, mo kọ bó ṣe ga tó sílẹ̀, mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sì tan iná padà.

Mọ́fíìnì haidirokiloráìdì oní-omi-mẹ́ta, mílígíráàmù 3.76 nínú omi mílílítà kan, ló ń fúnni ní 10 mM. Láti inú rẹ̀ ni mo ti là á sí 1 mM, 100 µM àti 10 µM. Mo fi 20 µl ti 10 µM sínú báàtì, ó di 10 nM. 40 µl sí i, ó di 30 nM. Lẹ́yìn náà, 14 µl ti 100 µM gbé e dé 100 nM, 40 µl sí i gbé e dé 300 nM, 14 µl ti 1 mM sì gbé e dé 1 µM. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, mo ń dúró kí ìsúnkì dẹ́kun lílọ sílẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Lórí ìwé, ìsúnkì tó ga gbọọrọ ń kúrú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà ìsàlẹ̀ kì í yí. Láàárín 50 sí 100 nM ló sábà máa ń dín kù dé ìdajì.

Nígbà tí 1 µM ṣì wà nínú omi, mo pa iná, mo tún fi acetylcholine 0.3 µM yẹn sí i. Iṣan náà sún kì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó dé tẹ́lẹ̀. Níbí ni ìdáhùn wà: iṣan lágbára, àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mọ́fíìnì so mọ́ receptor mu (ojú ibi tí oògùn irú rẹ̀ ń so mọ́) lára fọ́nrán, kálísíọ́mù kò ráyè wọlé tó, acetylcholine kò sì tú jáde bó ṣe yẹ. Bí iná bá ti padà, naloxone 1 µM, oògùn tó ń dènà mọ́fíìnì, ń dá ìsúnkì padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìfun bá ti pẹ́ nínú mọ́fíìnì, naloxone lè mú kó sún kì gidigidi fúnra rẹ̀ láìsí iná. Nítorí náà, ìfun tuntun ni mo lò fún ìwọ̀n naloxone: 10 nM fún ìṣẹ́jú 20 kí mọ́fíìnì tó wọlé. Nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún mọ́fíìnì ló máa ń gbà kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà.

Atropine 1 µM, oògùn tó ń dènà acetylcholine lára iṣan, ni mo fi parí, ìsúnkì sì parẹ́. Ẹ má ṣe fi ṣáájú, torí kì í tètè fọ̀ kúrò.

Bí ìsúnkì bá ń kéré láìsí oògùn, ẹ kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́ àti ooru omi. Bí ìlà bá ń gbọ̀n, ìfófó afẹ́fẹ́ ló ń kọlu òwú. Ẹ ya ìfun kan sọ́tọ̀ tí yóò gba omi lásán ní iye àti àkókò kan náà. Láìsí i, a kò lè mọ èyí tí oògùn ṣe yàtọ̀ sí àárẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ láti tọ́jú mọ́fíìnì lè lo loperamide (oògùn ìgbẹ́ gbuuru tó jẹ́ ẹbí mọ́fíìnì), ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun, fífọ̀ kì í tán an. Ìfun kan fún ìlò kan ni.

Ẹ má sì mú èsì yìí lọ bá gbogbo ẹranko. Ìfun kékeré eku ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ dáhùn lọ́nà yìí. Nínú ajá tó wà láàyè, mọ́fíìnì a máa mú kí ìfun sún kì sí i, ṣùgbọ́n ìsúnkì tó ń há oúnjẹ mọ́ ojú kan ni, kì í tì í lọ síwájú, ìgbẹ́ á sì dí bákan náà.