Bó o ṣe lè jẹ́ akin kó o sì tún mọ èèyàn tọ́jú

Wò ó, tí wọ́n bá ti ń sọ fún ẹ láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún, àbí pé obìnrin kì í dá sọ̀rọ̀ láàárín ọkùnrin, á ti mọ́ ẹ lára débi pé o ò ní mọ̀ wípé o ti so apá kan nínú ara ẹ mọ́lẹ̀.

Ní 1974, Sandra Bem, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìdánwò kan jáde, ọ̀rọ̀ 60 ló wà níbẹ̀, 20 jẹ́ ìwà tí wọ́n ń pè ní tọkùnrin níbẹ̀, 20 tobìnrin, 20 tó kù ò sí lápá ìkankan, ìwọ fúnra ẹ lo máa fún ara ẹ ní máàkì láti 1 dé 7. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ka méjèèjì, ìkan ò ní kó o pàdánù ìkejì, èèyàn lè ga nínú méjèèjì, òun ni wọ́n ń pè ní androgyny. Kò kan irú ẹni tó ò ń fẹ́ o, kò sì kan aṣọ.

Mú pépà. Kọ ìwà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní tọkùnrin sápá kan: kéèyàn dá dúró, kó tètè ṣèpinnu, kó gbèjà ohun tó gbà gbọ́, kó lè dáwọ́ lé ohun tí ò dájú. Kọ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní tobìnrin sápá kejì: àánú, ìwà pẹ̀lẹ́, kéèyàn tètè mọ ohun tó ń dun ẹlòmíì, kó lè tu èèyàn nínú. Ohun tó o ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kó o fi máàkì sí, má fi ohun tó wù ẹ́ sí i.

Èyí tó kéré jù, òun nìkan ni kó o mú. Èmi gba 2 níbi títu èèyàn nínú, torí tẹ́nì kan bá ń sunkún níwájú mi, ìmọ̀ràn ni mo máa ń dà lé e lórí. Ní báyìí mo máa ń jókòó tì í, màá ní "kí ló dùn ẹ́ jù níbẹ̀?", màá wá dákẹ́ títí á fi sọ tán, ó nira gan-an lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ mi á ṣáà máa wá fóònù. Tó bá jẹ́ gbígbèjà ọ̀rọ̀ ẹ ló kéré, sọ èrò ẹ lẹ́ẹ̀kan nínú ìpàdé ẹbí, má sì tọrọ àforíjì tẹ̀ lé e.

Má ju èyí tó o ti ní tẹ́lẹ̀ nù jàre, bàbá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lálẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ lè sọ "rárá" fẹ́ni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, fi pépà tuntun ṣe é, má tíì wo ti tẹ́lẹ̀, kó o sì ní kẹ́ni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé fún ẹ ní máàkì tiẹ̀ náà.