Ohun tí ń ná ẹni tó ń ra aago òṣùpá lówó lásán

Aago ọwọ́ Speedmaster Professional tí ilé iṣẹ́ Omega ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkójọ àwọn ohun ìrántí ìrìnàjò sí òṣùpá. NASA, àjọ òfurufú ìjọba Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún ìrìnàjò òfurufú ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1965, òun ló sì wà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò òfurufú Buzz Aldrin nígbà tó ń rìn lórí òṣùpá ní 1969. Orúkọ yìí ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, òun náà ló sì kó àwọn oníjìbìtì jọ sí ìdí rẹ̀. Ó ń bí mi nínú láti máa rí ẹni tó fi ọdún gbọọrọ tọ́jú owó, tó wá kó o lé ayédèrú lórí, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá àyẹ̀wò ì bá ti gbà á. Àṣìṣe mẹ́ta tó ń fa èyí nìyí.

1. Rírà láì rí inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀yìn aago, ẹ fi aago rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Nọ́ńbà àwòṣe wà nínú ìdérí náà, bíi 105.012-65 tàbí 145.022-69, ẹ̀rọ inú aago sì gbọ́dọ̀ bá a mu. 105.003, 105.012 àti 145.012 ń lo ẹ̀rọ 321, 145.022, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ń lo 861. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìrìn aago: 321 ń lù ní ìgbà 18,000 ní wákàtí kan, 861 ń lù ní 21,600. Bí ìdérí bá sọ 105.012, tí 861 sì wà nínú, aago méjì ni wọ́n já pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ má rò pé ọjà kékeré nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Speedmaster 1957 kan tí wọ́n tà ní gbàǹjo ní Geneva ní 2021 gba owó tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta fránkì Swiss lọ. Ní 2023, Omega fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹ̀yà ara aago oríṣiríṣi ni wọ́n kó pọ̀ ṣe é.

2. Wíwọ̀ ọ́ wẹ̀. Rọ́bà tí ń dí omi ti gbó. Ẹ má ṣe é.

3. Gbígbé aago fún àtúnṣe láì kọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sílẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí ojúlówó ni wọ́n ń gbé lọ, ohun tí wọ́n sì ń gbà padà kì í ṣe ojúlówó mọ́. Àtúnṣe fúnra rẹ̀ kò burú: òróró inú ẹ̀rọ máa ń gbẹ, ó sì yẹ kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi òróró tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tún un ṣe ń fẹ́ kó dà bíi tuntun, nígbà tí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín lọ́la ń fẹ́ kó rí bó ṣe rí ní 1967.

Ẹ wo ojú aago. Àmì T ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì SWISS MADE fi hàn pé tritium, èròjà tí ń tú ìtànṣán jáde, ló wà nínú ọ̀dà tí ń tàn lókùnkùn. Ọdún 12.3 ni agbára tritium fi ń dín sí ìdajì, nítorí náà ojú aago 1967 kò lè tàn mọ́lẹ̀ lálẹ́ mọ́. Èyí tó bá ń tàn yòò ti gba ọ̀dà tuntun. Àwọ̀ ọ̀dà ara ọwọ́ aago sì yẹ kó sún mọ́ ti ojú aago. Bí ọ̀kan bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí èkejì funfun, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀kan.

Ẹ wo òrùka dúdú tí nọ́ńbà ìwọ̀n eré wà lára rẹ̀. Lórí àwọn tó ṣáájú 1970, àmì róbótó kékeré kan wà lókè nọ́ńbà 90 gan-an; lórí àwọn tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ 90 ló wà. Òrùka àtijọ́ yìí nìkan ń tà lówó gọbọi, síbẹ̀ àwọn kan ń jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ nítorí pé ó ha, wọn kò sì béèrè rẹ̀ padà.

Ẹ wo etí irin níbi tí okùn ti so mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ aago kò dán, apá tó yí lókè rẹ̀ ló ń dán, ìlà tó mú ṣáṣá ló sì pín wọn níyà. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ dán an, ìlà yẹn á parẹ́, irin tó sì ti lọ kì í padà.

Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti inú. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ pé: ẹ má dán irin, ẹ má pààrọ̀ ojú aago, ọwọ́ aago àti òrùka, ohunkóhun tí ẹ bá yọ, ẹ dá a padà nínú ọ̀rá. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Rọ́bà, sípíríǹgì àti gíláàsì lè yí padà láì ba nǹkan jẹ́. Plásítíìkì ni gíláàsì náà, kó má baà fọ́ yángá nínú ọkọ̀ òfurufú. Àwọn Speedmaster àkọ́kọ́ ti ìparí ẹ̀wádún 1950 sì ní radium, èròjà mìíràn tí ń tú ìtànṣán jáde, nínú ọ̀dà wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ha ojú wọn, eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ti ìbuwọ́lùwé àwọn arìnrìn-àjò òfurufú, ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń tajà tẹ̀ fúnra rẹ̀ kò níyì. NASA lo ẹ̀rọ tí ń buwọ́ lùwé fún ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ẹ gbé tiyín lé àpẹẹrẹ ti ẹ̀rọ náà lórí: bí ìlà méjèèjì bá bára mu látòkèdélẹ̀, ẹ̀rọ ni, nítorí ènìyàn kì í buwọ́ lùwé bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Neil Armstrong, ẹni àkọ́kọ́ tó rìn lórí òṣùpá, sì jáwọ́ nínú bíbuwọ́ lùwé fún àwọn olùkójọ ní 1994. Ẹni tó bá ní òun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2005, ẹ yẹra fún un.

Òkúta òṣùpá tí àwọn ìrìnàjò Apollo ti NASA kó wá jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà. Òfin 2012 tó jẹ́ kí àwọn arìnrìn-àjò náà ní ẹ̀tọ́ sí àwọn ohun èlò kan tí wọ́n fi pa mọ́ kò kan òkúta yìí. Òkúta tó já bọ́ láti òṣùpá fúnra rẹ̀ sí ayé ni ẹ lè rà. Ti ìjọba náà ni Speedmaster tí NASA fún wọn. Aago Bulova tí arìnrìn-àjò òfurufú David Scott dè lórí òṣùpá ní 1971 ṣeé tà ní 2015, ní iye tó ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là lọ, nítorí pé tirẹ̀ ni.

Fọ́tò àtijọ́ NASA tó jẹ́ aláwọ̀ mèremère sábà máa ń ní nọ́ńbà pupa lókè, pẹ̀lú àmì "A Kodak Paper" lẹ́yìn. Ẹ má fi ọ̀rá PVC, irú plásítíìkì kan, dì í, ẹ má fi í kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé: ọ̀rá polyester ni kí ẹ lò, nínú yàrá tí kò lọ́rinrin.