Bí mo ṣe wá ẹni tó ń jẹ dátà àǹtí mi rí

Àǹtí mi tó ń ta ike àti abọ́ l'Ọ́jà Ọba níbí ní Àkúrẹ́ ló ní kí n wá bá àwọn wo fóònù, pé dátà tí àwọn ń rà fún oṣù kan kì í lo ọ̀sẹ̀ méjì mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ò wo fíìmù, àwọn ò gbọ́ orin, WhatsApp nìkan ni àwọn fi ń tajà, pẹ̀lú Facebook díẹ̀díẹ̀ tí ọjà ò bá yá. Wọ́n ti dá ẹjọ́ yẹn lọ́kàn wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń jí dátà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wo inú fóònù ná ká tó bú ẹnikẹ́ni.

Settings ni mo kọ́kọ́ wọ̀, mo tẹ Network, mo tẹ síìmù tí wọ́n fi ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá rí App data usage. Bí fóònù kọ̀ọ̀kan ṣe to tiẹ̀ yàtọ̀ o, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ "data usage" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lókè Settings, á gbé e jáde fún yín. Gbogbo áàpù ló tò síbẹ̀, èyí tó jẹun jù ló máa wà lókè. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀kan, á pín in sí méjì: foreground ni èyí tó jẹ nígbà tẹ́ ẹ ṣí i tẹ́ ẹ ń wò ó, background ni èyí tó jẹ nígbà tí fóònù wà nínú báàgì tẹ́ ẹ ń bá tiyín lọ.

WhatsApp ló wà lókè pátápátá, background ẹ̀ sì ju foreground lọ fíìfíì. Àǹtí mi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé mo tún ń tajà lójú oorun ni?"

Mo bi wọ́n pé tí wọ́n bá fi fọ́tò kúlà ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà wọn l'Óǹdó, kí ló dé tí máàkì kan fi máa ń kọ́kọ́ jáde kó tó di méjì. Wọ́n ní àwọn ò rò ó rí. Máàkì kan yẹn ń sọ pé fọ́tò ti kúrò lọ́wọ́ yín, ó ti dé orí kọ̀ǹpútà ńlá WhatsApp, èyí tí wọ́n ń pè ní server, kò sí ní Àkúrẹ́, kò sì sí l'Óǹdó. Ìgbà tó bá dé orí fóònù kọ́sítọ́mà ló ń di méjì. Tí fóònù kọ́sítọ́mà bá ti kú nítorí pé wọn ò rí iná láti ọjọ́ mẹ́ta, orí server yẹn ló máa jókòó sí dè é, wọ́n lè dè é tó ọjọ́ 30 kí wọ́n tó pa á rẹ́. Àwọn ará WhatsApp gan-an ò lè kà á o, láti 2016 ni fóònù ẹni tó fi ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ ti ń tì í pa bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ tì í, fóònù ẹni tó gbà á ló ń ṣí i. Torí náà áàpù tẹ́ ẹ rí lójú fóònù, apá kan iṣẹ́ ni, apá kejì wà lọ́nà jíjìn, gbogbo ìgbà táwọn méjèèjì bá sì ń bára wọn sọ̀rọ̀, dátà yín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, yálà ẹ jí tàbí ẹ sùn.

Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n wá ń sọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo wọ Settings WhatsApp fúnra ẹ̀, mo tẹ Storage and data, mo rí i pé tí wọ́n bá wà lórí dátà, fọ́tò, fídíò, ohùn, gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé fúnra ẹ̀. Gúrúùpù ẹbí, gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, gúrúùpù àwọn ọlọ́jà, gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwé mẹ́wàá, fídíò àdúrà kan náà á wọlé látinú gbogbo wọn. Mo yọ máàkì kúrò lára gbogbo ẹ̀. Báyìí, fọ́tò àti fídíò tí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ nìkan ló máa wọlé.

Mo tún lọ síbi Chats, mo tẹ Chat backup, ibi tí WhatsApp ti ń ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín pa mọ́ síbòmíràn. Níbẹ̀ ni mo ti pariwo! Ẹni tó bá wọn to fóònù yẹn nígbà tí wọ́n rà á ti tan backup ojoojúmọ́, ó fi fídíò kún un, ó tún ní kó máa fi dátà síìmù ṣe é. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n bá ti sùn tán lóru, gbogbo fídíò tuntun ń padà gbéra lọ sí Google Drive, ibi ìpamọ́ Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sanwó kó wọlé, ẹ tún sanwó kó jáde. Mo sọ ọ́ di Wi-Fi nìkan, mo yọ fídíò. Àyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fún èèyàn ò sì ju 15 GB lọ, láti 2024 ni wọ́n ti ń ka backup WhatsApp mọ́ ọn.

Fídíò Facebook tó ń dá ṣeré náà, mo pa á. Play Store, mo ní kó dúró de Wi-Fi kó tó ṣe update.

Àǹtí mi ní àwọn máa ń gbá gbogbo áàpù dànù lójú fóònù kí àwọn tó sùn, ṣé ìyẹn ò tó ni. Kò tó o, ká sòótọ́ kò fẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Áàpù tẹ́ ẹ gbá dànù ṣì ń gba ìròyìn, torí lórí fóònù Android, Google ló ń dúró fún gbogbo wọn, bí ilé ayálégbé tó ní mégáàdì kan ṣoṣo lẹ́nu géètì, òun ló ń gbàlejò fún yàrá gbogbo, òun ló sì ń lọ kan ilẹ̀kùn. Èèyàn á wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn tan Data Saver, èyí tó ń dá áàpù dúró kó má jẹ dátà ní background. Ó lè jẹ́ kí ìránṣẹ́ pẹ́ kó tó wọlé, kọ́sítọ́mà tó fẹ́ ra kúlà mẹ́fà ò ní dúró dè yín.

Mo rí áàpù tọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ tó ń bèèrè ibi tí wọ́n wà àti nọ́ńbà gbogbo èèyàn tí wọ́n mọ̀. Tọ́ọ̀ṣì! Fóònù yẹn sì ní tọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó tó di Android 6 ní 2015, tẹ́ ẹ bá ti gbé áàpù wọlé, ẹ ti fún un ní gbogbo ohun tó bèèrè nìyẹn, àmọ́ láti ìgbà yẹn ni áàpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè kọ̀ fún un tàbí kẹ́ ẹ gbà á padà nínú Permissions. Mi ò gba nǹkan kan padà lọ́wọ́ tọ́ọ̀ṣì, mo yọ ọ́ kúrò.

Èyí tó gba àsìkò mi ni áàpù owó yíyá kan tí wọ́n ti san gbèsè ẹ̀ tán tipẹ́. Wọ́n rò pé tí àwọn bá ti yọ ọ́, ó parí. Mo ní rárá, orúkọ àti nọ́ńbà tí àwọn tó ni áàpù náà ti kó lọ sórí server tiwọn nígbà yẹn ṣì lè wà lọ́hùn-ún. 2023 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ ní áàpù owó yíyá ò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò èèyàn mọ́. Ọdún yẹn náà ni òfin tó ń dáàbò bo dátà èèyàn jáde ní Nàìjíríà, ó sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa tiyín rẹ́. Kí n tó yọ áàpù náà, mo lọ sójú ewé ẹ̀ lórí Play Store, mo tẹ Data safety, mo rí líǹkì tí èèyàn lè fi sọ pé kí wọ́n pa àkáǹtì òun rẹ́, mo bá àǹtí mi kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́.

Wọn ò tíì dáhùn. Àǹtí mi ní kí n tún un kọ, kí n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.