Bí Mo Ṣe Yọ̀ǹda Ara Mi fún Ìwádìí Ìlera ní Ìbàdàn

Níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ni mo ti gbọ́ pé àwọn olùṣèwádìí láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ń wá àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kò kọlù rí, kí wọ́n wá yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí. Ó ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu, nítorí ohun tí a mọ̀ ni pé aláìsàn ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Oríta Mẹ́fà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ṣàlàyé pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń fa àrùn gbọ́dọ̀ fi ẹni tí àrùn náà ṣe wé ẹni tí kò ṣe, tí àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n sì jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe nínú ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí darí ní Nàìjíríà àti Gánà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018: aláìsàn 2,118 ni wọ́n fi wé ènìyàn 2,118 tí àrùn náà kò ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé àti bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ lórí tábìlì náà wà níbẹ̀. Àlàyé yìí tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì fi orúkọ sílẹ̀.

Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe omi tí a ń bù fún ẹni tó bá béèrè." N kò bá wọn jiyàn, nítorí ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní Kánò ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò nínú ìdánwò kan tí àwọn ọmọ tó tó 200 wà nínú rẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn kú, àwọn òbí sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ náà tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò parí rẹ̀ ní ọdún 2009. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 wá sọ ọ́ di dandan pé kí olùṣèwádìí gba ìyọ̀ǹda ènìyàn ní kíkọ sílẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ ṣe. Nítorí náà, kí n tó kúrò nílé ni mo ti pinnu pé n kò ní fọwọ́ sí ohun tí n kò bá kà tán.

Wọ́n ti pè mí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kí n má jẹ ohunkóhun lẹ́yìn ago mẹ́wàá àfi omi, kí n wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ṣeé ká sókè, kí n sì kó gbogbo oògùn tí mo bá ń lò dání. Nígbà tí mo dé ọ̀hún ní òwúrọ̀, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Ti Yorùbá wà, ti Gẹ̀ẹ́sì wà. Ti Yorùbá ni mo mú, kí n lè kà á fún ìyá mi nílé. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí fẹ́ sọ kókó rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mo ní kí ó jẹ́ kí n fi ojú ara mi kà á, ó sì fún mi láyè.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá wọ́n lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù fún ìwádìí ọjọ́ iwájú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Abẹ́rẹ́ kò tó nǹkan. Mo béèrè ibi tí wọn yóò gbé e sí, bóyá yóò kọjá sí òkè òkun, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá yí ọkàn padà lọ́la. Ọmọbìnrin náà dáhùn pé wọn yóò da èyí tó bá kù nù, ṣùgbọ́n èsì tí wọ́n bá ti rò pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn kò ṣeé yọ jáde mọ́. Ìdáhùn náà ṣe kedere. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àsọdùn ní Ìbàdàn: nínú HapMap, ètò àgbáyé kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 láti mọ bí DNA, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, ṣe yàtọ̀ láti ẹnì kan sí èkejì, ìdílé Yorùbá 30 ní ìlú yìí, bàbá, ìyá àti ọmọ, ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, títí di òní ni àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé sì ń lo ìsọfúnni DNA wọn. Àyè méjì ló wà nínú ìwé tèmi: ìwádìí irú àrùn yìí nìkan, tàbí ìwádìí yòówù. Mo mú àkọ́kọ́, mo fọwọ́ sí i, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀dà kan.

Wọ́n wọn gíga mi, ìwúwo mi, ìbàdí mi àti ìdí mi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n fi ẹ̀yìn ti àga, kí n tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí n má sì sọ̀rọ̀ rárá fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Ti àkọ́kọ́ ló ga jù, wọn kò sì lò ó, nítorí ara ènìyàn kì í tètè balẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ló gún mi, ó sì rọ ọ́ sínú àwọn ìgò kéékèèké tí ọmọrí wọn jẹ́ aláwọ̀ elésè àlùkò, pupa àti eérú. Ó ní ti eérú ni wọn yóò fi wo ṣúgà, nítorí oògùn wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dínkù kí ó tó dé láàbù. Ìgbà náà ni wọ́n tó fún mi ní tíì àti búrẹ́dì.

Ìbéèrè ló gba àkókò jù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà mélòó lẹ ń jẹ ẹ̀fọ́ láàárín ọ̀sẹ̀?" Mo béèrè bóyá ewédú wà lára rẹ̀, ẹni tó ń bi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ó wà níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n béèrè nípa oorun, ìrìn, sìgá, àti ìbànújẹ́ tó bá dé bá mi láàárín ọdún kan. Nígbà tó kan iye tó ń wọlé fún mi lóṣù, mo ní n kò ní dáhùn. Ìwé ìyọ̀ǹda gbà mí láyè, ẹni tó ń bi mí sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn láìfajúro. Owó ọkọ̀ ni wọ́n fún mi nígbà tí mo ń lọ. Ẹni tó bá ń retí ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò kàn fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí bí owó bá pọ̀ jù, ẹni tí ebi ń pa kò ní ka ìwé náà kí ó tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí èsì dé, ṣúgà mi dára, ṣùgbọ́n ìfúnpá mi ga díẹ̀, ó jẹ́ 144/92. Dókítà tó pè mí ṣàlàyé pé àyẹ̀wò ọjọ́ kan kò tó láti sọ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì kọ lẹ́tà fún mi láti mú lọ sí kílíníìkì. Mo mú un lọ sí èyí tó wà nítòsí ilé wa, wọ́n sì ní kí n máa wá wọn ìfúnpá náà láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àpò ara mi ni owó rẹ̀ ti ń jáde, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìyọ̀ǹda láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwádìí náà kò ní san owó ìtọ́jú ẹnikẹ́ni.