Bí A Ṣe Ń Yan Retainer Nígbà Tí Wáyà Eyín Bá Kúrò

Kí dókítà tó yọ wáyà lẹ́nu yín ni kí ẹ ti bá a jíròrò nípa retainer, ohun tí yóò máa di eyín mú síbi tí wáyà gbé e sí. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó so eyín mọ́ egungun àti erìgì kì í tètè gba ipò tuntun. Ti inú erìgì lè lò tó ọdún kan, wọ́n á sì máa fa eyín padà síbi tó ti wá.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí eyín yín ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa èjí rẹ̀ dé, tàbí tí eyín iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀ ti gun ara wọn rí, ni tirẹ̀ sábà máa ń fẹ́ padà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín iwájú ni mo fara mọ́ jù, torí pé tọ̀sán-tòru ló wà lẹ́nu, a kò sì lè gbàgbé rẹ̀ síbì kan. Àmọ́ ó gba ìtọ́jú gidi: ojoojúmọ́ ni a ó máa ti òwú ìfọyín gba abẹ́ rẹ̀, kí ìdọ̀tí má baà gan mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá ṣí lára eyín kan, eyín náà lè ti yẹ̀ kí a tó mọ̀; nítorí náà, kò yẹ ẹni tí kò lè máa lọ fi eyín han dókítà.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ṣeé yọ, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n fi ike tó mọ́ gaara ṣe máa ń bo gbogbo eyín, ojú kì í sì í tètè rí i, ṣùgbọ́n ó máa ń sán tàbí kí ó jẹ, pàápàá lẹ́nu ẹni tó ń payín keke lójú oorun. Ekejì ni Hawley, tó ń jẹ́ orúkọ Charles Hawley, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà: ike líle ló wà ní àjà ẹnu, wáyà sì gba iwájú eyín. Ó hàn síta, ó sì lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ́ lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára, dókítà sì lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà nípa ìṣe yín. Ọmọ tó máa ń sọ nǹkan nù nílé ìwé lè yọ ọ́ nígbà oúnjẹ, kí ó fi pépà wé e, kí wọ́n sì kó o dànù mọ́ ìdọ̀tí. Àwọn dókítà kan máa ń fi wáyà ẹ̀yìn eyín sí i, kí wọ́n tún fún un ní ti ike fún alẹ́. Ẹ béèrè iye tí wọn yóò gbà bí ó bá sọnù, kí ẹ sì ní kí wọ́n tọ́jú àwòṣe eyín yín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, ẹ fi sẹ́nu kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: ó yẹ kí ó fún díẹ̀, kò gbọdọ̀ gún erìgì. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, torí pé omi gbígbóná ń ba ike jẹ́. Ẹ tẹ̀ lé iye wákàtí tí dókítà bá sọ. Bí ó bá tilẹ̀ wá ku alẹ́ nìkan, ẹ má ṣe pa á tì. Bí ó bá ṣàdédé fún lọ́jọ́ kan, eyín ti ń yẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi agbára tì í wọlé, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.